Ìwà Ni Ẹwà Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Iyàn Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Ọ̀tà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ ní gbogbo àgbègbè Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà, láti Too-Géètì títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Níbikíbi tí àwọn mẹkáníìkì bá tẹ̀dó sí, àti níbikíbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bá ti ń dúró de ọkọ̀ èrò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ti ń jiyàn. Èwo ni ó lẹ́wà jù? Èwo ni ó lágbára jù? Èwo ni ó yẹ ènìyàn jù, nínú ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá àti èyí tí ó ti Jámánì, ilẹ̀ Faransé tàbí Jàpáànù wá? Àwọn kan a máa fi orúkọ Ford àti Chevrolet búra. Àwọn mìíràn a sì ní ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ṣe ọkọ̀ mẹ̀kúnnù.

Àwa kò ka iyàn yìí sí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ rárá. Oríta ni Ọ̀tà jókòó sí. Ọ̀nà kan ti Èkó wá, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà kejì yà ní Ṣàngó, ó kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò, ibodè ilẹ̀ wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin. Lẹ́yìn ibodè náà ni Kútọnu wà, èbúté tí àìmọye ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbà wọ ilẹ̀ wa fún ọdún pípẹ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Ohun tí ó wà nínú iyàn náà sì ju ẹnu lásán lọ. Olùkọ́ tí ó fi owó àjọ ọdún mẹ́wàá ra ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé, iyàn ti di ẹkún fún un. Ẹni tí ó ra èyí tí ó lè pa á, ti rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí á dá sí i. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Èrò wa ni pé bí ó ti rí fún ènìyàn náà ni ó rí fún ọkọ̀.

Kí á kọ́kọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1948, Cadillac gbé ọkọ̀ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè díẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì bí ìrù ẹja. Lára ọkọ̀ òfuurufú ogun kan tí à ń pè ní P-38 ni àwọn tí ó ya àwòrán ọkọ̀ náà ti rí i kọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń bá ara wọn díje, tí ìrù ọkọ̀ ń ga sí i, títí ó fi di ọdún 1959 tí ti Cadillac ga ju gbogbo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní 1958 ni Chevrolet mú Impala jáde, pẹ̀lú irin dídán lẹ́nu àti àga tí ó fẹ̀ bí ibùsùn. Ta ni yóò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní na ọrùn wò ó? Kì í ṣe lásán ni àwọn ènìyàn wa fi wá orúkọ fún ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye, tí wọ́n ń pè é ní bọ̀gìnnì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi wọ ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú. Model T ti Ford, tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, tí iye rẹ̀ sì lé ní 15 mílíọ̀nù, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó rí bí àpótí tí a gbé ka orí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Ohun tí ó mú un wúlò ni pé ó fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní ìwọ̀nba sípánà lọ́wọ́ lè tú u kí ó tún un tò. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn lọ́rì fúyẹ́fúyẹ́ láti Amẹ́ríkà ni ó bá ọ̀nà erùpẹ̀ pupa àti afárá onípákó mu, nítorí pé lọ́rì wíwúwo ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa ba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ni ó mú wọn gbayì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wa kan ní ayé àwọn amúnisìn? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe ìjọba, ọjà tiwọn ni wọ́n sì fẹ́ kí á rà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fún dọ́là mọ́ra, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ná an sórí ohun tí Amẹ́ríkà ṣe. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ òsì ni à ń gbà ní ojú pópó nígbà náà bíi tiwọn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí a ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ wà, èyí tí kò bá irú ojú pópó bẹ́ẹ̀ mu. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé báwo ni ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Texas tàbí New Jersey ṣe lè máa sáré ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láìjẹ́ pé a yí ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ padà, kí ó rántí ọjọ́ yẹn.

Síbẹ̀, àwọn baba wa ti wọ ọkọ̀ tí owó Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ta ni ó gbọ́njú ní ayé bọ̀lẹ̀kájà tí kò mọ Bedford? Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ènìyàn pè é, ṣùgbọ́n Vauxhall tí ó ń ṣe é ti bọ́ sí ọwọ́ General Motors ti Amẹ́ríkà láti 1925. Ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ti òkèèrè wá. Àwọn káfíńtà wa ni ó fi pákó kan ara rẹ̀, àwọn ayàwòrán wa ni ó kọ òwe àti àdúrà sí i lára, àwọn mẹkáníìkì wa ni ó sì ń jí i dìde nígbàkígbà tí ó bá kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Bedford pẹ́ lọ́wọ́ wa nítorí pé ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n.

Ní ti agbára, ibẹ̀ ni iyàn ti máa ń gbóná jù. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ kì í ṣe wàhálà púpọ̀ kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀, pé irin rẹ̀ nípọn, àti pé ohun tí kì í sáré ju agbára rẹ̀ lọ kì í tètè gbó. Òtítọ́ ni. Àwọn alátakò wọn ní ara rẹ̀ gùn jù, abẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀ jù fún ọ̀nà oníhò. Òtítọ́ ni èyí náà. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ilẹ̀ tí a ṣe ọkọ̀ náà fún ni kò jọ tiwa. Láti 1956 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin gbé owó ńlá kalẹ̀ láti la òpópónà tí ó tẹ́ bí ẹní láti etíkun kan dé èkejì. Ẹni tí a wẹ̀ fún orí ẹní, bí a bá mú un wọ inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹ̀bi ta ni?

Ẹ wo ọkọ̀ tí ó jọba ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn náà. Peugeot 504, tí ó jáde ní 1968, kò tóbi tó Impala. Ṣùgbọ́n ó ga nílẹ̀, ó sì gba ipò kìíní nínú ìje Safari ti Kẹ́ńyà ní 1975 àti ní 1978, ìje tí òkúta àti ẹrẹ̀ kún ojú ọ̀nà rẹ̀. Láti 1975 ni a ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, títí kan èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá. Ọdún yẹn gan-an ni owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì kọ́kọ́ fojú kan owó tí ó tó ra ọkọ̀. Ìjàpá kò lẹ́wà, orúkọ rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀ ó rìn, nítorí pé kò sí ìlú tí a kò ti lè rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní ayé ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó wà lórí oyè láti 1976 sí 1979, ìjọba ní kí àwọn ìjòyè rẹ̀ fi ọkọ̀ ńláńlá sílẹ̀, kí wọ́n máa gun Peugeot tí a ń tò ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ará Ọ̀tà kò ṣàì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ó ti wá dá oko nígbà tí ó gbé ìjọba sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, owó epo rọ̀bì sì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàrin oṣù díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ilé epo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ kéékèèké láti Jàpáànù. Nàìjíríà tí ó ní epo ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ṣáájú ọjọ́ náà ti ń súnmọ́ 1,000 náírà ní Èkó nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Láti ìgbà náà ni onísílíńdà mẹ́jọ ti di àlejò tí ń jẹ àjẹyó nínú ilé tí oúnjẹ kò tó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bi àwọn tí ń jiyàn ní ìbéèrè kan. Kí ni à ń pè ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà gan-an? Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Accord ní Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1982. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Camry ní Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní 1988. Bẹ́ẹ̀ ni Ford kan wà tí Mexico ni a ti ṣe é, Chevrolet kan sì wà tí Kòríà ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́, kí ó wo nọ́ńbà ṣásí. Láti ọkọ̀ ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí lẹ́tà àti nọ́ńbà náà jẹ́ 17. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni a ti ṣe ọkọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ 2, Kánádà ni. Bí ó bá jẹ́ 3, Mexico ni. Bí ó bá jẹ́ J, Jàpáànù ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń bú ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Ṣàngó, inú Camry tí àwọn òṣìṣẹ́ Kentucky tò ni ó jókòó sí tí ó ti ń bú u!

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní orúkọ tuntun. Wọ́n pe Accord kan ní “End of Discussion”, ìyẹn ni pé iyàn ti parí. Wọ́n pe Camry kan ní “Big Daddy”, wọ́n sì pe èyí tí ó tẹ̀lé e ní “Muscle”. Orúkọ dídùn ni. Ṣùgbọ́n àwa ní iyàn kò tí ì parí, nítorí pé orúkọ kò sọ ohun tí ọkọ̀ ti rí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé láàrin 2015 àti 2018, ọkọ̀ àlòkù tí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Jàpáànù tà sí òkèèrè tó 14 mílíọ̀nù, àti pé ó ju ìdajì lọ tí ó wá sí Áfíríkà. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, rere wà, búburú sì wà. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas ní 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ti wọ inú wáyà rẹ̀ ṣeé fọ̀, ó ṣeé kùn, ó sì lè máa dán bí ọ̀tun. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ìrì ni yóò wó o.

Èyí tí ó burú jù ni ti àpò afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú sítíárìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, àpò náà a fẹ̀ lójijì láti gba orí àti àyà awakọ̀. Ilé iṣẹ́ Takata ti Jàpáànù ṣe irú àpò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Wọ́n wá rí i pé kẹ́míkà tí ń fẹ àpò náà a máa bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a jà fún ọdún púpọ̀, tí yóò fi bú gbàmù ju bí ó ti yẹ lọ, tí yóò sì ta irin wẹ́wẹ́ sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó yẹ kí ó gbà là. Ó ti pa ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, 67 mílíọ̀nù irú ẹ̀rọ yìí ni ìjọba ní kí a dá padà, Takata fúnra rẹ̀ sì wọ gbèsè ní 2017. Lára ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ọ̀pọ̀ Honda Accord àti Toyota Corolla tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2000, irú èyí tí ó kún ojú pópó wa. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí, bíi Florida, ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní kánjúkánjú. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí ju ilẹ̀ wa lọ? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ará Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láìtíì ṣe é ń gbé ikú bọ̀ wá fún ẹni tí kò mọ̀.

Yorùbá kì í gbé ìyàwó láìwádìí ìdílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í nájà ẹja nínú omi. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Èkíní: níbo ni a ti ṣe ọkọ̀ yìí, kí ni ó sì ti là kọjá? Nọ́ńbà 17 náà ni yóò sọ ọ́. Àjọ ààbò ojú pópó ti ìjọba Amẹ́ríkà fi àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì rí i bóyá àtúnṣe dandan kan ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ náà. Èkejì: ta ni yóò tún un ṣe, ṣé mo sì lè rí páàtì rẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Ṣàngó láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́ sí òkè òkun? Ẹ̀kẹta: èló ni yóò máa gbà lọ́wọ́ mi lóṣooṣù lẹ́yìn ọjọ́ tí mo rà á? Ọkọ̀ tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbáà jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ti ibòmíràn, òun ni ó ní ìwà. Bí ó bá tún wá lẹ́wà, a bá olúwa rẹ̀ yọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà. Ọmọ ilé ìwé tí ó lè ka orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjá lè kọ́ láti ka nọ́ńbà 17 láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì kà á fún baba rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí á jáwọ́ nínú fífi iṣẹ́ mẹkáníìkì halẹ̀ mọ́ ọmọ tí kò mọ ìwé, bí ẹni pé ìjìyà ni. Ọkọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú kò ṣeé tún ṣe fún ẹni tí kò lè kàwé. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni iṣẹ́ náà ń fẹ́ nísinsìnyí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Nígbà tí olùdíje bá dé pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì, tí ìlù ń dún, ẹ má ṣe ka iye ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè pé kí ni yóò ṣe kí wọ́n lè máa yẹ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wò ní èbúté kí ó tó pa ọmọ wa. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ilé iṣẹ́ mọ́tò kalẹ̀, wọ́n sì gbé owó orí ọkọ̀ òkèèrè ga kí a lè máa ṣe tiwa. Owó orí ga lóòótọ́; ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ tiwa tí mẹ̀kúnnù lè rà ńkọ́? Ní Ọ̀tà níbí, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ń yọ́ àlòkù irin. Ará ọkọ̀ tí ó ti kú ń wọ iná, ó ń jáde ní ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Ìlú tí ó mọ irin yọ́, tí ó mọ rọ́bà àti ike ṣe, kò yẹ kí ó máa dúró de Amẹ́ríkà àti Ṣáínà fún gbogbo ohun kékeré tí ọkọ̀ ń fẹ́. A kò ní kí á ṣe Cadillac lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara páàtì.

Kí àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Ṣàngó máa bá iyàn wọn lọ. Ó ń mú ìrọ̀lẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá tún wí pé ọkọ̀ kan lẹ́wà, kí ẹlòmíràn nínú wọn dìde, kí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, kí gbogbo wọn sì gbọ́.